Bí Mo Ṣe Ta Ẹ̀jẹ̀ Ọba Ẹlẹ́jẹ̀ Aró Sílẹ̀

Ẹ jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kí ó wú u nísinsìnyí, nítorí n kì í sọ ìtàn lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni Ọdẹ́ṣínà, ọmọ Ògúnrántí, ará abúlé Òkè-Ẹ̀lú. Mo ti pa ẹfọ̀n mẹ́tàlá. Awọ ọ̀kan nínú wọn ni mo jókòó lé yìí. Erè ti ká mọ́ mi lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, èmi ni mo sì tú u. Ìyẹn kì í ṣe ìtàn, iṣẹ́ ni. Ìtàn kan ṣoṣo ni mo ní. Òun ni ti ọjọ́ tí mo wọ Igbó Ìdákẹ́rọ́rọ́ lọ wá àna mi, tí mo rí i pé ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe pupa nìkan.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ gbọ́ èyí ná. Ẹ̀jẹ̀ ni ìwé wa. Bí mo bá ta ẹran tó sá wọ igbó, ojú ewé ni mo ń wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pupa foo, tó ń hó bí ọṣẹ, ẹ̀dọ̀fóró ni ọta bá. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn, ẹran náà kò ní jìnnà. Bí ó bá pọ́n tó ṣú, ẹ̀dọ̀ ni. Jókòó, mu omi, kí o tó tọ̀ ọ́. Bí àwọ̀ ewé bá wà nínú rẹ̀, òróòro ti fọ́, ẹran náà yóò korò. Bí ó bá ti dúdú tó gbẹ, máa lọ sílé, o ti pẹ́ jù. Bàbá mi kọ́ mi ní èyí kí ó tó kọ́ mi ní ìbọn. Ó sì kọ́ mi ní òfin méjì. Ìkíní: ẹran tí o bá ta, o gbọ́dọ̀ tọ̀ ọ́ dé òpin. Ìkejì: ẹni tó bá kọ́kọ́ ta ẹ̀jẹ̀ ẹran sílẹ̀ ló ni ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ló parí rẹ̀. Itan kan péré ni ti ẹni kejì. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Láníhùn ni àbúrò ìyàwó mi. Àgbàlagbà ni, ó ti bímọ méjì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ọdẹ, èmi ni mo sì sín in ní gbẹ́rẹ́ mẹ́ta sọ́rùn ọwọ́ lọ́jọ́ tó di ọdẹ. Ìyá rẹ̀, Ìyá Aláró, ló ń pa aṣọ láró fún gbogbo ẹkùn wa. Ọwọ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìkòkò rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, èmi àti Láníhùn wà létí Igbó Ìdákẹ́rọ́rọ́. Mo rí ẹ̀yìn àgbọ̀nrín kan nínú koríko. Mo yìnbọn. Nǹkan náà ké. Nígbà tí a débẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀. Mo wo ewé, mo wo ilẹ̀, n kò rí pupa kankan. Mo ní ìbọn tàsé.

Láníhùn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo ewé yìí. Aró ló kán sí i."

Mo ní, "Aró ọwọ́ ìyá rẹ ló ti wọ̀ ọ́ lójú."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ṣì tutù. Ó sì ń bá ọ̀nà lọ, ẹ̀kán kan níbí, ẹ̀kán kan lọ́hùn-ún."

Mo ní, "Ǹjẹ́ máa tọ̀ ọ́ lọ. Bí o bá rí àgbọ̀nrín tó ń pa aṣọ láró, kí o bá mi ra ìró kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

Mo rẹ́rìn-ín, mo lọ wo tàkúté mi. Nígbà tí mo padà dé, fìlà Láníhùn nìkan ni mo bá lórí igi kan. Mo pè é títí ohùn mi fi há. Igbó náà kò dáhùn. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Mo délé ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá Aláró wà nídìí ìkòkò rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, n kò fi ohun kan pamọ́, àní ẹ̀fẹ̀ tí mo ṣe. Kò sunkún. Ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, ẹ̀yin méjì lẹ jáde. Ọmọ mi obìnrin wà nínú ilé yín. Ẹ má wọlé tọ̀ ọ́ títí ẹ ó fi mú ọmọ mi ọkùnrin wá." Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó fa aṣọ kan jáde nínú ìkòkò. Ẹ̀yin náà ti rí i rí: bí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró, kì í dúdú, àwọ̀ ewé gbígbẹ ló máa ń ní. Ó nà án sórí okùn. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Ní ojú mi, ó di aró. Nǹkan wà tó jẹ́ pé inú ìkòkò ni ó ti ní àwọ̀ kan, ìta ni yóò ti gba òmíràn! Ohun tó kán sórí ewé kì í ṣe aró. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ìbọn mi kò tàsé. Mo ta ẹran, n kò tọ̀ ọ́, àna mi tọ̀ ọ́ dípò mi. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ akèrègbè. Ojú tèmi kò wọ akèrègbè lọ́jọ́ náà.

Ìdí ìkòkò aró ni mo sùn. Bí ilẹ̀ ti mọ́, mo ti wà lórí ipa. Ẹ̀kán aró lórí ewé, ẹ̀kán aró lórí òkúta. Áà! Mo ti tọpa ẹran fún ọgbọ̀n ọdún, n kò tọ irú ipa bẹ́ẹ̀ rí. Ipa náà gbé mi dé àárín igi ńlá méjì tó forí kanra. Nǹkan kan jókòó sórí òkìtì ọ̀gán níbẹ̀ bí olùṣọ́ ibodè. Ara ènìyàn ni, ojú alángbá ni, ìpẹ́ bò ó látòkè délẹ̀. Ó la ẹnu. Ahọ́n rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, èrìgì rẹ̀ ní àwọ̀ ewé.

Ó ní, "Ẹlẹ́jẹ̀ irin, níbo?"

Mo ní, "Mo ń wá àna mi. Ta ló sọ fún ọ pé irin ni ẹ̀jẹ̀ mi?"

"Imú mi ni. Nígbà tí o bá fi ọ̀bẹ gé ọwọ́, tí o fi ẹnu fa á, kí ló máa ń dà bí lẹ́nu rẹ?"

Mo rò ó. Ó ní, "Sọ ọ́."

Mo ní, "Bí ọ̀bẹ náà gan-an."

"Ìyẹn nìyẹn. Ìwọ tí o ń fi irin pẹran, irin ló ń sáré nínú rẹ, o kò sì mọ̀." Ó fi èékánná ha apá ara rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yọ, ó dà bí omi ewúro. Mo fò sẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín. "Irin náà wà nínú tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń gbó, bí ènìyàn ti ń gbó. Bí wọ́n bá fi igi lu ọ́ lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ kò ha máa ń ṣú, kí ó tó ní àwọ̀ ewé, kí ó tó wá pọ́n bí ìbẹ́pẹ? Ẹ̀jẹ̀ tó gbó nìyẹn. Ìwọ ń kó tìrẹ dà sínú òróòro. Èmi kì í da nǹkan nù."

Mo ní, "Ahun!"

Inú rẹ̀ dùn sí èébú yẹn. Ó ní bí mo bá fẹ́ wọlé, kí n já àlọ́ kan. "Kí ni nǹkan tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí tó fi ń pọ́n, tí afẹ́fẹ́ bá fi í sílẹ̀ a ṣú, tó ń rìn tọ̀sán tòru, tí kò sì jáde nílé? Bí o bá dáhùn pé ẹyin iná ni, mo bù ọ́ jẹ."

Ẹyin iná ló wà lẹ́nu mi, n kò purọ́ fún yín. Mo gbé e mì. Mo rántí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, tó ń hó, tó pupa foo. Mo rántí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀, tó ṣú. Ẹran kan náà ni, ẹ̀jẹ̀ méjì! Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń wò ó, n kò bi ara mi léèrè rí. Èyí tó ti ẹ̀dọ̀fóró bọ̀ ló gba afẹ́fẹ́. Èyí tó ti rìn káàkiri ara ti ná an tán.

Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ mi ni."

Ó dìde. Ó ní, "Wọlé. Ṣùgbọ́n gbọ́. Àwọn tó wà nínú kì í ṣe ará ayé yìí. Ìràwọ̀ kan ló já tó gbé wọn wá síbí. Irin kò sí nílùú wọn, bàbà ni. Èdè rẹ, èmi ni mo kọ́ wọn. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: ẹni tó bá kọ́kọ́ ta ẹ̀jẹ̀ rẹ sílẹ̀ ló ni ọ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ha ọ́ lára."

Mo ní, "Òfin ọdẹ ni ìyẹn lọ́dọ̀ wa."

"Lórí ẹran," ni ó wí. "Níbí, lórí ara wọn ni."

Mo wọlé. Ẹ wo ìyanu! Wọ́n ga ju ọ̀pá ìbọn mi lọ ní ìlọ́po méjì. Ara wọn funfun bí inú iṣu, iṣan wọn hàn lábẹ́ awọ bí okùn. Ẹ̀gbà bàbà wà lọ́rùn gbogbo wọn. Lórí ẹní kan ni ọ̀dọ́bìnrin kan dùbúlẹ̀ sí, ó fi awọ àgbọ̀nrín bora. Itan rẹ̀ ń kán. Aró! Àgbọ̀nrín mi nìyẹn. Ọba wọn, bàbá rẹ̀, jókòó tì í. Nídìí òpó ni wọ́n so Láníhùn mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú okùn, ẹnu rẹ̀ kò sí nínú okùn.

Ó kígbe, "Ẹ̀gbọ́n! Ṣé ẹ ti wá gbà báyìí pé kì í ṣe aró ọwọ́ ìyá mi?"

Mo ní, "Mo gbà. Dákẹ́."

Ọba ní, "Ẹni yìí gbé ìbọn, ó tọ ipa ọmọ mi wá síbí bí ọdẹ. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí oòrùn bá kan góńgó orí, a ó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dí i." Ó gbé ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ kan sókè, èyí tí ihò wà láàárín rẹ̀. Balógun rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Láníhùn pẹ̀lú abẹ́rẹ́ bàbà tó gùn bí àtàǹpàkò. Mo wo òkè. Oòrùn kò ní pẹ́ débẹ̀.

N kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Kábíyèsí, òun kọ́ ló yìnbọn. Èmi ni."

Láníhùn ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti sọ fún wọn pé èmi ni!"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ olófòófó! Òun tí kò lè pa àṣírí oúnjẹ àná mọ́, ó ti purọ́ gbà mí láti àná. Mo sọ fún un pé kí ó dákẹ́. Ohùn mi kò le tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Balógun ní, "Ó dára. Ẹ̀jẹ̀ ẹni méjì pọ̀ ju ti ẹnì kan lọ."

Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ wa yóò pa á. Ẹ fún mi ní igbá." Mo fa ọ̀bẹ mi yọ, mo fi gún àtàǹpàkò ara mi. Ariwo sọ. Balógun ní, "Ó ta ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀! Òun ló wá ni ara rẹ̀!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo kán ẹ̀jẹ̀ mi sínú igbá, mo gba ẹ̀kán mẹ́ta láti itan ọmọ náà lé e. Pupa àti aró pàdé. Gbogbo wa tẹjú mọ́ igbá náà. Kò pẹ́. Ó di àwọ̀ ẹrẹ̀, ó ṣù pọ̀, ó dì bí ògì tó bàjẹ́. Mo yí igbá dojú dé. Kò dà.

Mo ní, "Irin ni tèmi. Bí òjò bá pa ìbọn mi, ó ń dípẹtà, ìpẹtà náà sì pupa. Bàbà ni tiyín. Ẹ wo ẹ̀gbà ọrùn yín níbi tí òógùn ti ń bá a: àwọ̀ bí aró ló ń mú, kì í ṣe pupa. Bí ẹ bá da irin sínú bàbà, èyí tó wà nínú igbá yìí ni yóò wà nínú àyà ọmọ yín. Ẹ̀jẹ̀ bí tirẹ̀ ló ń fẹ́."

Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń wo ilẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ olùṣọ́ ibodè yé mi. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ara wọn ni yóò gbà á. Wọ́n ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́ kí ẹlòmíràn gún òun, kí ó sì di ẹrú ẹni náà títí ayé?

Mo ní, "Kábíyèsí, ẹ̀yin ńkọ́?"

Balógun fò dìde. "Bí àlejò bá ta ẹ̀jẹ̀ ọba sílẹ̀, ọba di ẹran ọdẹ! Gbogbo wa la di ẹran ọdẹ!"

Ọba wo ọmọ rẹ̀. Ètè ọmọ náà, tó yẹ kí ó ní àwọ̀ aró, ti funfun bí ẹfun. Oòrùn ti dé góńgó orí. Ọba na ọwọ́ sí mi. Ó ní, "Ọdẹ, ṣé o ní ọmọ?"

Mo ní, "Mẹ́rin."

Ó ní, "Ǹjẹ́ kí lo tún ń dúró ṣe?"

Mo ti kun ẹran tó pọ̀ ju irun orí mi lọ. N kò gún ọba rí. Mo gún iṣan ọba. Mo ti ọ̀pá ìbẹ́pẹ bọ̀ ọ́, mo ti orí kejì bọ apá ọmọ náà. Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ wo ohun tí mo rí! Nínú ọ̀pá náà, ẹ̀jẹ̀ ọba mọ́ gaara bí omi orísun. Èyí tó jò sílẹ̀ níbi ojú ihò, tí afẹ́fẹ́ bá a, ó di aró lójú ẹsẹ̀. Láníhùn pariwo láti ìdí òpó rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìkòkò ìyá mi!" Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Mo fi ẹnu ọ̀bẹ yọ ọta ìbọn mi ní itan ọmọ náà, mo gún ewé imí-eṣú, mo dì í mọ́ ojú ọgbẹ́ náà. Díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ ń dúdú. Àwa, bí ètè ẹnìkan bá ń ní àwọ̀ aró, a ó máa sunkún. Àwọn ń jó!

Ọmọ náà la ojú. Ó ní, "Ta ló yìnbọn lù mí?"

Mo ní, "Èmi ni. Mo rò pé àgbọ̀nrín ni yín."

"Ṣé mo jọ àgbọ̀nrín?"

Mo ní, "Láti ẹ̀yìn."

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá ìbẹ́pẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ rọ̀. Ó bọ́ ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀, ó gbé e síwájú mi. Ó ní, "O ta ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi sílẹ̀. O ta tèmi náà. Òfin ni òfin. O ni wá."

Ẹ wò mí dáadáa. Ọdẹ tó pa ẹfọ̀n mẹ́tàlá, ó wá ní ọba kan àti ọmọ ọba kan lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Orí mi wú. N kò ní sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹran tí ènìyàn kò lè rù, kì í pa á. Mo ní, "Kábíyèsí, mo tú yín sílẹ̀. Mo tú ọmọ yín sílẹ̀. Ẹ tú àna mi fún mi." Ọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn náà.

A ti dé ibodè nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn wa. Balógun ni. Ó ju abẹ́rẹ́ bàbà rẹ̀. Mo ti Láníhùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Abẹ́rẹ́ náà ha á léjìká. Ẹ̀jẹ̀ yọ, pupa foo. Balógun ń pariwo pé, "Èmi ló kọ́kọ́ ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀! Wọn kò gún un nídìí òpó! Tèmi ni!" Olùṣọ́ ibodè ti na ọwọ́ di ọ̀nà. Ó wò mí. Ojú alángbá kì í sọ ohun tó wà nínú.

Mo di ọwọ́ Láníhùn mú, mo gbé e sókè. "Ẹ wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Gbẹ́rẹ́ mẹ́ta. Èmi ni mo sín in, lọ́dún méje sẹ́yìn."

Olùṣọ́ náà fi ìka rẹ̀ kan gbẹ́rẹ́, ó fi kan ojú ọgbẹ́ tuntun. Ó ní, "Èyí pupa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí afẹ́fẹ́. Ìwọ̀nyí ti dúdú, wọ́n ti jinná. Balógun, o pẹ́ ní ọdún méje. Ẹran ẹlẹ́ran ni." Ó tì wá jáde, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ Balógun. A sá! Mo ti dàgbà nígbà náà, ṣùgbọ́n Láníhùn kò bá mi.

Ní gbogbo ọ̀nà ni ó ń wí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá ni mí nìyẹn o. Ta ni yóò máa bọ́ àwọn ọmọ mi?"

A dé Òkè-Ẹ̀lú kí oòrùn tó wọ̀. Ìyá Aláró wà nídìí ìkòkò rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ látorí délẹ̀, ó wo ojú ọgbẹ́ èjìká. Ó ní kí n sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ọ́. Mo fi bí mo ṣe dá Balógun lẹ́bi ní ibodè kádìí rẹ̀, mo sì gbé àyà díẹ̀.

Ó ní, "Ta ni ẹ ní ó ni ọmọ mi?"

Mo ní, "Òfin ló wí bẹ́ẹ̀, Ìyá. Èmi ni mo kọ́kọ́ ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀."

"Ọjọ́ tí mo bí i lẹ́yìn ìkòkò aró yìí, tí kò sí ẹnìkan nítòsí, ta ló fi abẹ gé ìwọ́ rẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Ìyá."

Ó ní, "Kí ló jáde níbẹ̀? Ṣé omi ni?"

Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ ni, Ìyá."

"Èwo ló ṣáájú, tiyín ni tàbí tèmi?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Láníhùn ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Ìyá Aláró tẹ̀ba, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé mi lọ́rùn, tòun ti aró tútù. Ó ní, "Ẹ dìde, ọkọ ọmọ mi. Ìyàwó yín ti sebẹ̀ tán. Ẹ wọlé."

Ojú ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. N kò fọ̀ ọ́. Ẹ lè wúkọ́ báyìí.